Magnetite, Titanium Dioxide àti Túùbù Kábọ̀nù: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Wá Arsenic Inú Omi

Máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ni òdiwọ̀n arsenic tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún omi mímu. Nítorí bó ṣe kéré tó, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ló máa ń fi èròjà nano (èérún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ) kó o jọ kí ẹ̀rọ tó kà á: bí èròjà náà bá gba gbogbo arsenic inú mílílítà 100, tí a sì fi mílílítà kan ṣoṣo yọ ọ́, ohun tí ẹ̀rọ yóò rí ti di ìlọ́po 100.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye mílígíráàmù tí olùtajà ní gíráàmù kan lè gbà fà yín lójú jù, nítorí inú omi tí arsenic ti pọ̀ gan-an ni wọ́n ti sábà máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ó ń mú un nígbà tó bá kéré jọjọ, bóyá ó ń tú u sílẹ̀, àti bóyá arsenic ti wà lára èròjà náà tẹ́lẹ̀.

Magnetite (irú àdàpọ̀ irin àti ọ́síjìn kan) ló rọrùn jù láti lò, nítorí òòfà lásán ni a fi ń kó o kúrò nínú omi. Àléébù rẹ̀ ni phosphate, èròjà inú ajílẹ̀, tí ìrísí rẹ̀ jọ ti arsenate (ọ̀kan nínú oríṣi arsenic méjì tó máa ń wà nínú omi; èkejì ni arsenite) débi pé ó ń gba ààyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ajílẹ̀ bá ń ṣàn wọ omi yín, omi náà gan-an ni kí ẹ fi dán an wò kí ẹ tó rà á. Ásíìdì líle a sì máa yọ́ ọ.

Titanium dioxide kì í tètè yọ́, ó sì ń gba arsenite àti arsenate pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dì wọ́n mú ṣinṣin, nítorí náà ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní iná gíráfáìtì (ààrò kékeré tó ń fi ooru gíga sọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n di oru) ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí ó lè da ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú omi díẹ̀ tààrà sínú iná.

Túùbù kábọ̀nù nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ di arsenic mú. Bí a bá fi kẹ́míkà APDC, tó máa ń so mọ́ arsenite, sínú omi tó ní ásíìdì díẹ̀, arsenite ni yóò so mọ́ túùbù náà, arsenate yóò sì kọjá lọ. Èmi yóò yàn án fún ẹni tó fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí arsenite ni májèlé rẹ̀ le jù.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ICP-MS (tó ń fi ìwúwo átọ́ọ̀mù dá èròjà mọ̀) lè má nílò èyíkéyìí, àfi bí omi rẹ̀ bá níyọ̀: argon, gáàsì tí ẹ̀rọ náà ń lò, àti chlorine inú iyọ̀ a máa so pọ̀ di ìwúwo 75, tí í ṣe ti arsenic gan-an.