Teaching and Learning Toolkit ti EEF: Ẹ Má Dúró Sórí Iye Oṣù

Owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ilé-ìwé láti fi ran àwọn ọmọ tálákà lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pupil premium, kì í ká gbogbo ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní lọ́kàn. Dandan ni kó yàn. Nítorí yíyàn yẹn ni wọ́n ṣe gbé Teaching and Learning Toolkit kalẹ̀, ìyẹn àkójọ ohun tí ìwádìí sọ nípa oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ́ni. Education Endowment Foundation, ìyẹn EEF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú £125 mílíọ̀nù láti ọwọ́ ìjọba, ló ni ín. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Durham ló kọ́kọ́ kó ìwádìí inú rẹ̀ jọ. Orí ayélujára ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀nà ìkọ́ni bíi 30 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé tirẹ̀. Kí ẹ tó ṣí èyíkéyìí, ẹ ó ti rí àmì mẹ́ta: àmì pọ́n-ùn fún iye tó ń náni, àgádágodo fún bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó, àti iye oṣù tí ọmọ lè fi ṣíwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láàrin ọdún kan. Nínú àtúnṣe ńlá ọdún 2021, kíkọ́ ọmọ láti máa ṣọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ gba oṣù 7, èsì tí olùkọ́ ń fún ọmọ lórí iṣẹ́ rẹ̀ gba 6, ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan sí ọmọ kan gba 5, dídín iye ọmọ inú kíláàsì kù gba 2. Mímú kí ọmọ tún kíláàsì kan náà ṣe dá a padà sẹ́yìn ní oṣù 3.

Kò sẹ́ni tó fi kàlẹ́ńdà wọn àwọn oṣù yìí. Ìwọ̀n ipa ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣírò: wọ́n á mú ìyàtọ̀ tó wà láàrin máàkì àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà àti ti àwọn tí kò gbà á, wọ́n á fi standard deviation, ìyẹn òṣùwọ̀n bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà síra tó, pín in. Tábìlì ló wá ń sọ ọ́ di oṣù: 0.10 sí 0.18 jẹ́ oṣù 2, 0.19 sí 0.26 jẹ́ 3, 0.45 sí 0.52 jẹ́ 6. Ohun tí tábìlì náà gbára lé ni pé ìlọsíwájú ọdún kan tó nǹkan bíi standard deviation kan. Fún ọmọ kékeré, ó sún mọ́ òótọ́. Fún ọmọ ńlá, kò sún mọ́ ọn rárá. Onímọ̀ ìwádìí kan, Carolyn Hill, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2008 pẹ̀lú ìdánwò ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà: láti kíláàsì kìíní sí ìkejì, ọmọ ń fi standard deviation 0.97 gòkè, láti kíláàsì 11 sí 12, 0.06 péré ni. Nítorí náà, oṣù 2 fún ọmọ ọdún 7 àti oṣù 2 fún ọmọ ọdún 16 kì í ṣe nǹkan kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni Toolkit ṣe kọ wọ́n.

Àṣìlò kejì tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn ka iye oṣù náà bí ìlérí. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Hugues Lortie-Forgues àti Matthew Inglis, ṣe àkójọ ìwádìí ńlá 141 tí EEF àti NCEE, àjọ tó ń ṣe àyẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, náwó lé, níbi tí wọ́n ti fi ìbò pín àwọn tó gba ẹ̀kọ́ àti àwọn tí kò gbà á. Ìpíndọ́gba ipa tí wọ́n rí jẹ́ 0.06, tí í ṣe oṣù 1 lórí tábìlì yẹn. Ìwádìí kéékèèké, tí olùdásílẹ̀ ọ̀nà ìkọ́ni náà dúró tì fúnra rẹ̀, tó sì fi ìdánwò ti ara rẹ̀ wọn èsì, máa ń mú iye tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ilé-ìwé tó bá ń retí oṣù 6 gbáko yóò pa ètò tó dára tì nítorí pé oṣù 1 ló rí, bẹ́ẹ̀ oṣù 1 tó dájú lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí Toolkit yìí ti níyì jù lọ wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé, ní abala tí wọ́n pè ní Behind the average, ìyẹn ohun tó wà lẹ́yìn ìpíndọ́gba. Ẹ wo ti olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Oṣù 4 ló wà lókè, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀: níbi tí wọ́n ti kọ́ olùrànlọ́wọ́ ní iṣẹ́, tó sì ń darí ètò kan pàtó fún ọmọ díẹ̀ ni iye yẹn ti wá. Kí ó kàn jókòó ti ọmọ nínú kíláàsì lójoojúmọ́ kò fi irú èrè bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan sí ọmọ kan náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 3 sí 5 lọ́sẹ̀, kó má ju ọ̀sẹ̀ 10 lọ, kó sì so mọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú kíláàsì. Ilé-ìwé tó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún odindi ọdún ń náwó sórí nǹkan mìíràn, kì í ṣe ohun tí àwọn ìwádìí yẹn dán wò.

Ti èsì lórí iṣẹ́ ló lẹ́tàn jù. Àwọn onímọ̀ méjì, Kluger àti DeNisi, wo ìwọ̀n ipa 607 láti inú ìwádìí lórí irú èsì bẹ́ẹ̀ ní 1996. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0.41, síbẹ̀ ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ pé ṣe ni èsì náà ba iṣẹ́ jẹ́. Èsì tó dojú kọ ọmọ fúnra rẹ̀, bíi "o gbọ́n" tàbí "ọ̀lẹ ni ọ́," ń fa ọkàn rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́. Ọ̀gá tó bá rí oṣù 6, tó wá pàṣẹ pé kí olùkọ́ máa fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo ìwé ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ti gba iṣẹ́ kún iṣẹ́ láìkan ohun tó ń mú ọmọ lọ síwájú.

Lórí owó, kíláàsì ọmọ 25 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò. Àmì pọ́n-ùn 1 túmọ̀ sí pé kò ju £2,000 lọ lọ́dún; 5 túmọ̀ sí pé ó ju £30,000 lọ. Àfikún owó nìkan ni. Owó oṣù olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà tó "pọ́ọ́kú" lè jẹ àkókò olùkọ́ run. Ẹ ṣírò wákàtí náà fúnra yín.

Àgádágodo ni mo gbóríyìn fún jù. Bí púpọ̀ nínú ìwádìí kò bá ní agbéyẹ̀wò tó dá dúró, tàbí tí èsì wọn bá ta kora púpọ̀ láìní àlàyé, wọ́n ń yọ ọ̀kan kúrò. Níbi tí ẹ̀rí kò bá tó rárá, wọn kì í kọ iye oṣù, bí ó ti rí fún aṣọ ilé-ìwé.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ojú-ìwé àkọ́kọ́ kò fi hàn bí èsì àwọn ìwádìí ṣe jìnnà síra tó, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù. Ìwé àlàyé bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà, tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn, ní púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ mélòó ló ń ṣí i? Ìlà kan péré lábẹ́ iye oṣù ì bá tó. Títí wọn yóò fi fi kún un, ẹ fi iye oṣù yan ọ̀nà mẹ́ta, ẹ ka Behind the average ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, kí ẹ sì wá èyí tí ọjọ́ orí ọmọ, iṣẹ́ tí wọ́n dán an wò àti iye ìgbà lọ́sẹ̀ bá ti ilé-ìwé yín mu. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún àwọn ọmọ náà ní ìdánwò tí kì í ṣe ti ẹni tó ń ta ètò náà fún yín.