Fíìmù Ghibli lórí Netflix: èwo lẹ ó kọ́kọ́ wò, báwo lẹ ó sì ṣe wò ó ní Ifẹ̀ tí adùn rẹ̀ kò fi ní sọnù

Tí iyàn lórí kàtúùnù Jàpáànù bá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì OAU tàbí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Sábó, ọ̀nà méjì ló máa ń pín sí. Àwọn tí Naruto àti Dragon Ball tọ́ dàgbà á ní fíìmù tí kò bá ti sí ìjà nínú rẹ̀, oorun ni yóò máa kun àwọn. Àwọn tó kù á ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ gan-an ni àwọn ń dúró dè. Lójú tiwa, kì í ṣe pé ẹnì kan mọ adùn tí ẹnì kejì kò mọ̀ ọ́n. Bí oníkálùkù ṣe wò ó ló yàtọ̀. Ẹni tó wo Spirited Away, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Ghibli, lórí fóònù kékeré, pẹ̀lú ohùn Gẹ̀ẹ́sì, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, ìdajì fíìmù náà ni kò dé etí rẹ̀.

Hayao Miyazaki, Isao Takahata àti Toshio Suzuki ló dá Studio Ghibli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kàtúùnù ní Jàpáànù, sílẹ̀ ní 1985. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni Netflix ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù wọn wá sí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn, 21 lápapọ̀, tí wọ́n kó dé ní ìpele mẹ́ta. Grave of the Fireflies kò bá wọn dé nígbà náà; oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ló tó dé. Ètò tó wà fún fóònù ló dínwó jù, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, 480p sì ni àwòrán rẹ̀ mọ. Ìyẹn tó fún Ponyo. Kò tó fún Princess Mononoke, torí igbó òru inú rẹ̀ á kàn di dúdú ni, ẹ ò ní mọ ewé yàtọ̀ sí ẹranko.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Tí ẹ bá fi app náà sí Save Data lórí fóònù, 1GB á wo nǹkan bíi wákàtí 6. My Neighbor Totoro tó jẹ́ ìṣẹ́jú 86 kò ní ju 250MB lọ, Spirited Away tó jẹ́ ìṣẹ́jú 125 á gba bíi 350MB. Ṣùgbọ́n Maximum Data lè jẹ 1GB láàárín 20 ìṣẹ́jú, èyí tó túmọ̀ sí pé Spirited Away nìkan lè gbé 6GB mì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù lóru, nígbà tí dátà òru bá wà, kí ẹ fi ìwọ̀n àwòrán sí Standard. Ẹ má sì gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Fíìmù tí a gbà sílẹ̀ máa ń ní gbèdéke, àwọn mìíràn sì máa ń kú ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wo ìdajì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí NEPA tó mú iná, tó ní òun á parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lè dé ibẹ̀ kó má bá nǹkan kan.

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò yìí. Ẹ tẹ àmì ohùn àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ mú Japanese fún ohùn. Níbi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, tí ẹ bá rí English méjì tí ọ̀kan ní CC lára, èyí tí kò ní CC ni kí ẹ mú. Ohun tí àwọn òṣèré Gẹ̀ẹ́sì sọ ni ti CC máa ń kọ, àti ìró ìlẹ̀kùn àti ẹ̀rín fún ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa. Tí ẹ bá fi í sábẹ́ ohùn Jàpáànù, ẹ ó máa ka ọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu ẹnikẹ́ni kò ti mì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé fóònù àwọn ló bàjẹ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn méjèèjì kò kéré. Chihiro ni ọmọbìnrin inú Spirited Away, tó há sí ilé ìwẹ̀ àwọn òòṣà. Ní ìparí fíìmù náà ti Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilé tuntun àti ilé ìwé tuntun, ọmọ náà sì dáhùn pé òun rò pé òun á lè kápá rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ti Jàpáànù rárá. Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, okùn tó fi di irun kọ mànà lẹ́ẹ̀kan, ó wọ ọkọ̀, ó parí. Ẹni tó gbọ́ ìdáhùn yẹn àti ẹni tí kò gbọ́ ọ kò lè ní èrò kan náà nípa ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ.

Èdè Jàpáànù sì ní ìbọ̀wọ̀ fágbà tirẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí gbé. Níta, Haku, ọmọkùnrin tó ń ran Chihiro lọ́wọ́, Haku lásán ló ń jẹ́. Nígbà tí Chihiro ti di òṣìṣẹ́ ilé ìwẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé Haku-sama, ìpè ọ̀wọ̀, ni kó máa pe òun. Ṣáájú ìyẹn, Kamaji, bàbá ọlọ́wọ́ mẹ́fà tó ń dáná sí omi ìwẹ̀, bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́, Lin, òṣìṣẹ́bìnrin kan níbẹ̀, sì ní kó máa bọ̀ lẹ́yìn òun. Ọmọ náà kàn ń lọ ní tirẹ̀. Lin bá jágbe mọ́ ọn pé kò mọ bẹ́ẹ̀ ni mà, kò mọ ẹ ṣé, ṣé ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá? Ìyá wo ní Iléṣà ni kò tíì sọ ọ́ rí? Tí ọmọ kékeré kan bá wà nílé tí kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì kíá (àwọn tí kò tíì pé ọdún 8, ọ̀pọ̀ wọn kì í lè bá a), kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sí Yorùbá fún un. Ó yá ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ àti o á sì padà sí àyè wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Yubaba, àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ náà, na ọwọ́ sórí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọmọ náà, àwọn àmì tí wọ́n fi kọ Ogino Chihiro gbéra kúrò lórí bébà, wọ́n bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Àmì yẹn, inú Chihiro ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dá dúró, Sen ni wọ́n ń kà á. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń wọ̀ létí á rò pé wọ́n fún ọmọ náà ní orúkọ tuntun ni. Gígé ni wọ́n gé e, bíi kí wọ́n gba Olúwadámiláre lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n fi Dá sílẹ̀ fún un, kó wá máa jẹ́ Dá títí yóò fi gbàgbé ìyókù.

Ìran tí ìhà méjèèjì máa ń fẹnu kò lé lórí ni ti òòṣà ẹlẹ́gbin. Ohun kan tó rí bí òkìtì ẹrẹ̀ wọ́ wọ ilé ìwẹ̀, òórùn rẹ̀ ba oúnjẹ jẹ́ lójú ẹsẹ̀, Sen ni wọ́n ní kó wẹ̀ ẹ́. Nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀gún. Yubaba ní kí wọ́n so okùn mọ́ ọn, gbogbo òṣìṣẹ́ bá dì í mú, wọ́n fà á. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e, pàǹtí ogún ilé sì rọ́ gìrìgìrì tẹ̀lé kẹ̀kẹ́. Ìgbà náà ni ojú arúgbó kan yọ láàárín omi: òòṣà odò ni. Miyazaki ti sọ pé òun bá wọn fọ odò rí, kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fà jáde. Ẹni tó bá ti rí àwọ̀ tí omi Ọ̀ṣun dà látìgbà tí wọ́n ti ń wa wúrà kiri nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò nílò àlàyé kankan. Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀lé e: bí òòṣà náà ṣe kúrò, wúrà ṣẹ́ kù sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ lé e.

Ìran ọkọ̀ ojú irin ló ń dá ìjà sílẹ̀. Irin tí ọkọ̀ náà ń gbà wà lábẹ́ omi, àwọn èrò inú rẹ̀ dà bí òjìji, Sen jókòó, No-Face, ẹ̀mí tí kò lójú, jókòó tì í, wọ́n ń lọ sí ibùdókọ̀ kẹfà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Dùùrù Joe Hisaishi, ẹni tó kọ orin fíìmù náà, nìkan ló ń dún, òun náà sì rọra ń dún ni. Ẹni tó bá ní ìran yìí sú òun, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá jẹnẹrétọ̀ wà lórí. Ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dé, tàbí kí ẹ lo ínfátà, tàbí kí ẹ fi gbohùngbohùn etí sí i. Ẹ má sì wò ó lábẹ́ páànù nígbà òjò. Kò sí fólúùmù fóònù kan tó ń borí òjò Ifẹ̀ nínú oṣù keje.

Àfi tó bá jẹ́ My Neighbor Totoro (1988) ni, torí òjò ń rọ̀ nínú tiẹ̀ náà. Satsuki, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn ní ibùdókọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, bọ́ọ̀sì bàbá wọn kò tíì dé. Ẹsẹ̀ ńlá kan yọ lábẹ́ agboòrùn. Totoro ni, ẹ̀dá inú igbó tó tóbi, tí irun bò lára; ewé ló fi bo orí. Satsuki yá a ní agboòrùn bàbá rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan bọ́ láti orí igi, ó ro tó lórí agboòrùn. Òmíràn tún bọ́. Irun ara Totoro dìde, ojú rẹ̀ là rekete, ó fò sókè, ó balẹ̀ gbì, gbogbo omi orí igi sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìran kan nínú gbogbo iṣẹ́ Ghibli tí a fẹ́ràn tó o. Kò sí ọ̀tá nínú fíìmù yìí, kò sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ipá kọ́ ọmọ. Igi ńlá tí Totoro ń gbé ní okùn mímọ́ lára, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi màrìwò sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ já gaara wọ̀. Ọmọ ọdún 4 lè wò ó.

Tí ìjà lẹ bá ń wá, Princess Mononoke (1997, ìṣẹ́jú 134) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọfà Ashitaka, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ń gé apá, ó ń gé orí, nítorí náà kí ọmọ tí kò tíì pé 13 sinmi ná. Kò sí ẹni ibi pọ́ńbélé níbẹ̀, ohun tó sì ń bí àwọn kan nínú nìyẹn. Eboshi, obìnrin tó jẹ́ olórí ìlú ìyọ́rin, ń gé igbó, ó ń yìnbọn lu òòṣà, ṣùgbọ́n òun náà ló ra àwọn obìnrin kúrò nílé aṣẹ́wó, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú adẹ́tẹ̀. Ẹ ṣọ́ ìran ilé ìyọ́rin dáadáa: iyanrìn irin àti eédú ni wọ́n ń dà sínú iná, ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń tẹ ẹwìrì, wọ́n ń kọrin sí i, Ashitaka náà sì gun orí pákó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ilé wọn ń bọ Ògún á mọ ohun tó ń wò.

Grave of the Fireflies (ìṣẹ́jú 89) kì í ṣe ti ọmọdé, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Kobe ni, 1945, bọ́ǹbù, Seita ọmọ ọdún 14 àti Setsuko àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 4. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún yín pé wọ́n kú. Nígbà tí súìtì inú agolo tán, Seita bu omi sí i kí àbúrò rẹ̀ lè mu adùn tó kù. Ní 1988, pẹ̀lú Totoro ni wọ́n jọ fi í hàn nílé sinimá Jàpáànù, tíkẹ́ẹ̀tì kan fún méjèèjì. Ẹ má dán an wò nílé. Tó bá di dandan, ẹ wo Grave ṣáájú. Ẹ kò ní lè rẹ́rìn-ín sí Totoro dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ó lè sùn.

Ponyo dára fún àwọn kéékèèké, pàápàá ìran núdù: omi gbígbóná, ìdérí, dídúró, kí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí Indomie ti di ẹbí wọn wá máa wojú ara wọn. Howl's Moving Castle lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìdajì kejì rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. The Tale of the Princess Kaguya (2013) ti Takahata gba ìṣẹ́jú 137, àwọ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ bí omi, ó lè rí bí ẹni pé wọn kò tíì yà á tán. Ẹ mú sùúrù dé ibi tí Kaguya ti sá jáde nílé: ìlà àwòrán náà di kíkùn wàìwàì bí eédú tí ọwọ́ ẹni inú ń bí fà, aṣọ ń bọ́ kúrò lára rẹ̀ ní ìpele ìpele bó ṣe ń sáré. Lórí 480p, ìlà yẹn á kàn dà bí ìdọ̀tí.

Ohun kan tó kù. Bí fíìmù bá ti ń parí, Netflix á sọ àwòrán náà di kékeré, á máa fi òmíràn lọ̀ yín. Ẹ tètè tẹ àwòrán kékeré yẹn kó padà tóbi. Jálẹ̀ Totoro, ìyá wà ní ọsibítù, àwọn ọmọ ń retí rẹ̀, fíìmù sì parí kó tó dé. Àárín orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá lọ lókè ló ti sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, tí àwọn ọmọ lọ pàdé rẹ̀.