Iṣẹ́ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí ìwé ẹjọ́ ọmọdé

Ọ̀pọ̀ òbí tí ọ̀ràn ọlọ́pàá dé bá ọmọ wọn kì í ronú kan ibi tí ìwé ẹjọ́ náà yóò wà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti padà sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tí ó dúró fún ọmọ tí mo ń tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò ní dárúkọ ọmọ náà tàbí ohun tí wọ́n ní ó ṣe, nítorí àṣírí tí mo fẹ́ yìn wọ́n pé wọ́n pa mọ́ ni èmi yóò tún fọwọ́ ara mi tú.

Kí agbẹjọ́rò náà tó sọ̀rọ̀ owó rárá ni ó ti ṣàlàyé òfin fún wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé; abala 205 nínú ti ìjọba àpapọ̀ sì pa á láṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó rú òfin wà ní ìpamọ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i àfi àwọn tí ìdájọ́ ọ̀ràn náà kàn gbọ̀ngbọ̀n àti àwọn mìíràn tí a bá fún láṣẹ lọ́nà tí ó tọ́. Bí ọmọ náà bá dàgbà tán tí ó sì tún ní ẹjọ́, wọn kò gbọdọ̀ lo àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹn nínú ẹjọ́ àgbàlagbà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ilé ìwé ọmọ náà fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Agbẹjọ́rò náà fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà sí i pé kò sí lára àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún, àti pé bí ó bá rò pé ó tọ́ sí òun, iwájú ilé ẹjọ́ ni kí ó lọ bèèrè. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ẹni tí ó bá ka lẹ́tà náà kò lè mọ̀ bóyá olè ni wọ́n fi kan ọmọ ni tàbí ìjà.

Nígbà tí ẹ̀rọ ẹ̀dà wọn bàjẹ́, agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ ni ó gbé fáìlì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí, ó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó sì kó gbogbo bébà tí kò jáde dáadáa padà. Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ti lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kí ó sì dé ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, n kò rò pé ó ṣe é jù.

Owó wọn kò kéré, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun, wọ́n sì sọ fún wa pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ bí a bá fẹ́.

Ìwé àlejò ẹnu ọ̀nà wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní àyè tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn kọ ìdí tí ó fi wá, gbogbo ẹni tí ó bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kà á. Mo ka ti àwọn tí ó ṣáájú mi láìwá a. Mo sọ fún akọ̀wé wọn, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n àyè náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo padà lọ. Bí ọ̀ràn ọmọ bá gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ orúkọ yín nìkan, kí ẹ sì fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.