Ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù alùpùpù: ohun tó ṣe fún mi àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń tàn lórí dásíbọ́ọ̀dù alùpùpù yín, tí ẹ ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí iná náà ò sì lọ, owó ẹ̀rọ yìí kò ní ṣòfò. Àmọ́ ẹ má rà á láìní mítà tí a fi ń wọn iná.

Ẹ̀rọ náà ò ju páálí ìṣáná lọ. Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, orí fóònù la sì ti ń rí kóòdù (àmì àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà alùpùpù fi pamọ́) àti ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti mọ́tò, oníhò 16. Tókunbọ̀ Euro 5 (ìlànà Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀) tí wọ́n ṣe ní 2021 ni tèmi, oníhò 6 sì ni tirẹ̀, nítorí náà wáyà kékeré kan gbọ́dọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò sí nínú páálí tí mo rà. Ọ̀tọ̀ ni mo ra á.

P0122 ni kóòdù tó ń yọ mí lẹ́nu. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí a ṣe fa iná (ọwọ́ háńdù tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré) tó ni ọ̀rọ̀ kàn. Bó bá ti ṣe é, iná yẹ́lò á tàn, ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè sódò nígbà tí mo bá dúró, alùpùpù ò sì ní lágbára láti gun òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Mẹkáníìkì ní sẹ́ńsọ̀ ló kú. A pààrọ̀ rẹ̀, iná lọ, ó tún padà. Ó ní ayédèrú ni tuntun ọ̀hún, a tún ra òmíràn. Owó sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ju owó ẹ̀rọ yìí lọ.

Kóòdù tí ẹ̀rọ náà kà kọ́ ló ràn mí lọ́wọ́, mẹkáníìkì náà ṣáà ti rí i tẹ́lẹ̀. Ibi tó ti ń ya ìlà ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lójú ẹsẹ̀ ni. Mo ṣíná, mo gbé fóònù sórí táǹkì, mo di ọwọ́ iná mú sójú kan, mo wá yí háńdù sọ́tùn-ún. Ìlà ò mira. Mo yí i sósì, ó já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dá a padà, ìlà náà padà. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù mọ̀ nìyí: P0122 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ó sọ pé fóòtì (agbára iná) tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kéré jù. Láàárín sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà, wáyà wà, ẹnu ìsopọ̀ wà, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) náà wà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ibí yìí ni agbára ẹ̀rọ náà mọ, mítà ló sì gbà á. Wáyà mẹ́ta ló wà lára sẹ́ńsọ̀ náà: ọ̀kan ń gbé fóòtì 5 wá, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ń gbé ìròyìn lọ. Mo ki abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn ẹnu ìsopọ̀ láìyọ ọ́ àti láìlu wáyà. Fóòtì 5 pé. Lórí wáyà ìròyìn, ó tó 0.6 nígbà tí mi ò fa iná, ó sì rọra gòkè kọjá 4 bí mo ṣe fà á tán. Mo yí háńdù sósì, kò yí padà níhìn-ín. Mo lọ wọn wáyà kan náà lẹ́nu kọ̀ǹpútà lábẹ́ ìjókòó: òdo. Àárín méjèèjì ló ti já nìyẹn.

A tú táǹkì. Ẹni tó bá mi fi aláàmù olè sí i ti fi okùn ike so wáyà náà pọ̀ mọ́ ti háńdù. Èèpo rẹ̀ dán, àmọ́ kọ́pà inú rẹ̀ ti já. Bí háńdù bá lọ sósì, á fà á, ojú rẹ̀ á sì là. Réwáyà gé ibẹ̀ kúrò, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tuntun mọ́ ọn, ó fi rọ́bà bò ó, ó sì jẹ́ kó dẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà, títí kan gbogbo àkókò òjò, iná yẹ́lò ò tàn mọ́.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù o. Bí ìpè bá wọlé sórí fóònù, Bluetooth á já, ìlà tí ẹ ti ń yà á sì pòórá. Kò yára, nítorí náà bí wáyà bá já fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè má rí i. Èyí tó ń lo Bluetooth àtijọ́ kì í bá iPhone ṣe. Oní-Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni kí ẹ rà. Bí wọ́n bá kọ ELM327 v1.5 (orúkọ ṣíìpù inú rẹ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀) sí i lára, àdàkọ ni, torí Elm Electronics ti Kánádà tó ni ṣíìpù náà, tó kógbá wọlé ní 2022, kò ṣe 1.5 rí. Àdàkọ ni tèmi náà, ó sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ojúlówó fún un.

Kí ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa kóòdù rẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Bó bá ti pa á rẹ́, àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sì yọ ẹ̀rọ náà lẹ́yìn iṣẹ́, kó má baà fa bátìrì gbẹ.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Bluetooth tó ń já ló gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ jẹ́ oníkábúrétọ̀ kó má rà á, kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.