Yàrá Omi Ilé Ìtọ́jú Kíndìnrín Kan ní Àjàṣẹ́

Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń sin màmá wa lọ sí ilé ìtọ́jú kíndìnrín kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí 4. Àwọn tí wọ́n ń bi mí bóyá ibẹ̀ dára máa ń béèrè nípa àga àti ìwà àwọn nọ́ọ̀sì. Àga dára, àwọn nọ́ọ̀sì sì lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n yàrá omi tí ó wà lẹ́yìn ilé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn aláìsàn wà.

Ẹ̀rọ náà ń lo nǹkan bí ìdajì lítà omi ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà kí wákàtí 4 tó pé, omi tí ó tó 120 lítà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ màmá wa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Omi tí àwa ń mu ń gba inú ìfun kọjá, kíndìnrín tí ara rẹ̀ le sì ń bá wa yọ èérí rẹ̀ dànù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ààbò yẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ fi sùúrù mú mi wo gbogbo rẹ̀. Asẹ́ àkọ́kọ́ ń gba iyanrìn àti ẹrẹ̀. Àgbá tí ó tẹ̀ lé e ń gba ohun tí ó ń mú kí omi le, tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, iyọ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ dọ̀tun. Lẹ́yìn èyí ni àgbá èédú méjì, níbi tí mo ti dúró pẹ́ jù lọ. Klórì tí ó ń pa kòkòrò nínú omi ẹ̀rọ ìlú máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa bí ó bá wọ inú ara lọ́nà yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gba á dé mílígíráàmù 5 nínú lítà omi mímu kan, ṣùgbọ́n fún ìfọ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. Èédú inú àgbá ni ó ń gba klórì yìí; bí àgbá kìíní bá rẹ̀, èkejì yóò gbà á. Wọ́n ń dán omi wò kí ọ̀wọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó jókòó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bébà ìdánwò pa àwọ̀ dà, wọ́n sì dá gbogbo wa dúró fún nǹkan bíi wákàtí 2. Àwọn kan bínú. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì lè gba èèrí, ṣùgbọ́n kò lè gba iyọ̀ tí ó ti yòrò. Iṣẹ́ yẹn ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní osmoseur, tí ó ń fi agbára ti omi gba inú awọ kan tí iyọ̀ àti alumíníọ̀mù kò lè là kọjá. Kí a má fojú kékeré wò ó: láàárín ọdún 1970 sí 1980, alumíníọ̀mù inú omi ba ọpọlọ àti egungun àwọn aláìsàn jẹ́ ní ìlú òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni ní Caruaru ní Brazil, ní 1996, májèlé láti ara kòkòrò àìfojúrí aláwọ̀ ewé inú omi pa àwọn aláìsàn ìfọ̀jẹ̀ tí ó lé ní 50.

Ohun méjì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀ka páìpù kan wà tí wọn kò lò mọ́, tí omi sì dúró sójú kan nínú rẹ̀. Irú ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń kọ́lé, tí oògùn ìpakòkòrò kì í sì í dé. Wọ́n ní àwọn yóò gé e. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ìwé àbájáde ìdánwò kòkòrò tún wà nínú ọ́fíìsì, níbi tí àwa ẹbí kò ti lè rí i. Mo ti bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ṣì ń retí èsì. Màmá wa yóò máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, èmi yóò sì máa kọ́kọ́ yà sí yàrá omi kí n tó jókòó tì wọ́n.