Màásìkì inú ilé ìdáná fún ojú tó ń yọ epo: èyí tí mo gbà àti èyí tí n kò gbà

Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí: nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní ká kó láti ilé ìdáná lẹ̀ mọ́jú, óòtì àti oyin nìkan ló tó nǹkan fún mi. Fújà lásán ni funfun ẹyin ń ṣe. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti baking soda, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbi oúnjẹ tí wọ́n wà.

Irú ojú tí mo ní rèé, kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ mi. Iwájú orí, imú àti àgbọ̀n mi kì í pẹ́ dán lẹ́yìn tí mo bá fọjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń gbẹ. Tí mo bá fi tíṣù tẹ imú, epo á hàn lára rẹ̀ kedere. Ẹni tí gbogbo ojú rẹ̀ ń yọ epo lè rí ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi.

Ọ̀rọ̀ wà nínú óòtì àti oyin yẹn. Óòtì gbígbẹ ni mo máa ń lọ̀ títí á fi di ìyẹ̀fun, torí tó bá ṣì ní hóró, á máa ha ojú. Màá bu ṣíbí ìjẹun méjì, màá ta omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, màá sì fi sílẹ̀ kó wú kí n tó po oyin ṣíbí tíì kan mọ́ ọn. Ó gbọ́dọ̀ ki. Tó bá ń ṣàn lọ sí ọrùn, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ fi óòtì kún un. Ojú tí mo ti fọ̀, tó ṣì tutù díẹ̀, ni mo máa ń fi í sí fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kì í ta mí, kì í yún mi. Tí mo bá ṣàn án kúrò, dídán iwájú orí yẹn á ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò sì ní fún, èyí tó jẹ́ pé bóyá ni mo fi ń rí i lára ohun tí wọ́n ṣe fún ojú olóròóró.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Óòtì ní èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí àti epo bíi ti ọṣẹ, àmọ́ tí kò le tó ọṣẹ. Ọdún 2003 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ka óòtì lílọ̀ kúnná mọ́ àwọn ohun tó ń dáàbò bo awọ ara. Oyin ní tirẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, ó sì kan díẹ̀, ìdí nìyẹn tí bakitéríà kì í fi í ráyè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀gbẹ́ etí, óòtì sì lè dí ihò báṣíìnì. Mo máa ń fi aṣọ ìnura tútù nù ún kúrò ná kí n tó bomi sójú.

Funfun ẹyin ni gbogbo ayé ń pariwo. Ẹ lù ú títí á fi hó, ẹ fi í sójú, bó bá ti ń gbẹ ni ojú á máa fún pinpin, débi pé ẹnu kò ní fẹ́ ya rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá wo dígí lásìkò yẹn á ní ihò ara ti pa dé. Kò pa dé o. Èròjà purotéènì inú ẹyin ló gbẹ tó sì sún kì, ó kàn fa awọ mọ́ra ni. Bí omi bá ti kàn án, ó parí. Òórùn ẹyin tútù ń kọ́? Ká má tíì sọ pé Salmonella, bakitéríà tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, lè wà nínú ẹyin tí a kò sè, kò sì yẹ kó kan ẹnu tàbí irorẹ́ tó ti bẹ́.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń bí mi nínú jù, torí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọkàn balẹ̀ júwe rẹ̀. pH ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó: bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó. Ti awọ ojú sábà máa ń wà láàárín 4.5 sí 5.5. Ti oje ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 2, ti baking soda tí a pò mọ́ omi sì ju 8 lọ. Oje ọsàn ti kan jù, baking soda sì yí awọ kúrò níbi tó yẹ kó wà pátápátá. Èyí tó tún burú ni pé bí oòrùn bá pa ojú tí oje ọsàn wà lára rẹ̀, ó lè jó awọ, kó lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nítorí epo tí tíṣù lè nù?

Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà dára díẹ̀, ó ń tu ojú lára, kíkan rẹ̀ kò sì le. Kùkúḿbà kàn ń tutù ni. Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) á sọ ojú àti aṣọ ìnura di àwọ̀ òféèfèé. Òróró àgbọn kò yẹ ojú tó ń yọ epo rárá, ó máa ń dí ihò ara.

Ẹ má retí pé èyíkéyìí nínú wọn á dá epo dúró. Họ́mọ̀nù ló ń darí àwọn kókó kéékèèké tó ń tu epo lábẹ́ awọ, óòtì kò sì lè dé ibẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan, imú mi á tún ti ń dán. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì, torí oyin pàápàá kì í bá gbogbo èèyàn lára mu. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú abọ́, ẹ dà á nù. Kò sí ohun tó ń dènà ìdíbàjẹ́ nínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ irorẹ́ ńláńlá tó ń dunni ló gba ojú yín, dókítà awọ ara ni kí ẹ lọ rí.