Òróró wo, ṣúgà wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dínkù

Bí dókítà bá ti sọ pé ọ̀rá ń kún ẹ̀dọ̀, ọjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ. Wọ́n á ra òróró tí wọ́n kọ "cholesterol free" sí lára, ìyẹn ni pé kò ní cholesterol, irú ọ̀rá kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì fi oyin rọ́pò ṣúgà. Owó àfiṣòfò ni méjèèjì lè já sí. Kò sí òróró ewéko kankan tó ní cholesterol tó ṣeé kà sí, yálà wọ́n kọ ọ́ tàbí wọn ò kọ ọ́. Ní ti oyin, ẹ̀dọ̀ kì í bèèrè bóyá oyin ló gbé ṣúgà wá tàbí pálí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rá ń gbà dé inú ẹ̀dọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣàn wá láti inú ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe apá kan láti inú ṣúgà tó bá pọ̀ jù. Ìwọ̀nba tó kù ló ń wá tààrà láti inú oúnjẹ. Nítorí náà, nǹkan méjì là ń fi wéra: irú ohun tí à ń rà, àti bí a ṣe ń bù ú tó.

Òróró

Ẹ yí ìgò padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "saturated fat" sí. Òun ni ọ̀rá tó máa ń tètè dì. Bó ṣe wà nínú gíráàmù 100 nìyí, ní ìwọ̀n tó súnmọ́ ọn:

Epo àgbọn àti àdín: ó lé ní gíráàmù 80
Bọ́tà: 50
Epo pupa: 50
Òróró ìgò tí wọ́n ṣe láti ara ẹyìn: 40 sí 46
Òróró ẹ̀pà: 17 sí 20
Òróró sóyà: 15
Òróró ólífì: 14
Òróró sunfúláwà: 11

Ìlà kẹrin yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Púpọ̀ nínú òróró tó mọ́ lóló tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà lórúkọ "vegetable oil", ẹyìn ni wọ́n ti fà á. Bí wọ́n bá kọ "palm olein" sí ibi tí wọ́n to ohun èlò rẹ̀ sí, ọmọ ìyá epo pupa ni, àwọ̀ àti díẹ̀ nínú ọ̀rá tó ń tètè dì ló fi sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń funfun bí ìkùukùu, ó sì máa ń dì nísàlẹ̀ ìgò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fíríìjì dán an wò, torí òróró ẹ̀pà àti ti ólífì náà máa ń ki níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ló ṣeé gbára lé. Òróró tí wọ́n ń wọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì kò ní àkọlé, ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan lẹ ó gbọ́.

Kí ló dé tí saturated fat fi ṣe pàtàkì? Ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní kéèkì kéékèèké lé oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méje. Epo ẹyìn ni wọ́n fi ṣe ti apá kan, òróró sunfúláwà ni wọ́n fi ṣe ti ìkejì. Ìwọ̀n ara àwọn méjèèjì ga bákan náà, àmọ́ ẹ̀dọ̀ àwọn tó jẹ ti epo ẹyìn ló kó ọ̀rá sí i jù. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, fi kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 1,000 lé oúnjẹ àwọn ènìyàn lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Saturated fat mú ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ga ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà mú un ga ní 33, ọ̀rá tí kì í tètè dì sì mú un ga ní 15.

Àjẹjù ni wọ́n dánwò níbẹ̀. Síbí epo pupa kan nínú ẹ̀fọ́ kì í ṣe ọ̀tá, ó sì ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Epo tí a jó títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí fún ayamáṣe ni kò dára tó bẹ́ẹ̀: iná ti jẹ èròjà yẹn, saturated fat sì ṣẹ́kù síbẹ̀ digbí.

Fún dídín dòdò àti àkàrà, ẹ̀pà la fara mọ́. Sóyà tètè ń bàjẹ́ bí a bá ń gbé e kaná léraléra.

Ṣúgà

Níbí, ìyàtọ̀ láàárín orúkọ kéré ju bí àwọn oníṣòwò ṣe ń pariwo lọ. Ṣúgà funfun àti ti aláwọ̀ ilẹ̀: ìdajì gúlúkóòsì, ìdajì fructose (irú ṣúgà tó máa ń wà nínú èso). Oyin: fructose bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún, gúlúkóòsì bíi 30, omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Gbogbo ara ló ń lo gúlúkóòsì, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú fructose, ó sì rọrùn fún un láti sọ ọ́ di ọ̀rá. Nínú ìwádìí kan ní Zurich, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ohun mímu tó ní gíráàmù 80 fructose tàbí ṣúgà lásán lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méje, sọ iṣẹ́ ọ̀rá ṣíṣe inú ẹ̀dọ̀ di ìlọ́po méjì. Gúlúkóòsì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò wá sọ agolo gúlúkóòsì di oògùn o, torí kálórì rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ẹ tún wo síbí. Síbí ńlá oyin kan wúwo tó gíráàmù 21, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó 17. Síbí ńlá ṣúgà kan kò ju gíráàmù 13 lọ. Ẹni tó bá fi oyin rọ́pò ṣúgà ní síbí sí síbí ti fi kún un nìyẹn.

Ohun mímu ló burú jù. Mínírà máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 10 sí 11 nínú mílílítà 100, nítorí náà ìgò 50 cl ti lé ní 50. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ká má kọjá nǹkan bíi 50 lóòjọ́, 25 ló sì dára jù. Júùsì tí wọ́n kọ "no added sugar" sí kò jìnnà sí mínírà, odindi ọsàn tí ẹ fẹnu fà ló yàtọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò tó ń ka ṣúgà fún 25 cl nígbà tí ohun inú rẹ̀ jẹ́ 50.

Bí owó bá ku fún àyípadà kan ṣoṣo, mínírà àti júùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, torí omi kò wọ́n tó wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n yọ ṣúgà kúrò nínú oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rí i tí ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn wálẹ̀ láti ìdá 25 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka òróró ilé yín. Lítà kan jẹ́ síbí ńlá 66, síbí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120, ìbáà jẹ́ ólífì. Bí ẹni mẹ́rin bá lo lítà kan tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ síbí mẹ́rin lójúmọ́, kálórì 480. Pípààrọ̀ ìgò nìkan kò lè tún èyí ṣe.